Baptisi, Ìtẹ̀bọmi, Ìsàmì: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Kan Láàárín Àwọn Onígbàgbọ́ Òkè-Ògùn

1. Ìfáárà

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, orúkọ tí àwọn Onígbàgbọ́ ń pe ìsìn kan ṣoṣo ju ẹyọ kan lọ. Bí òbí tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà bá gbé ọmọ titun lọ sí ilé ìsìn kí àlùfáà lè bu omi sí i lórí, ìsàmì ni yóò pe ohun tí wọ́n ṣe. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi bá wọ inú omi lọ, tí pásítọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ rì tí ó sì gbé e dìde, ìtẹ̀bọmi ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ṣí Bíbélì Yorùbá tí ó jáde ní ìdìpọ̀ kan ṣoṣo ní ọdún 1900, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọn yóò bá níbẹ̀, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu: baptisi.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dojú kọ ni èyí: báwo ni ọ̀rọ̀ kan láti èdè Gíríìkì ṣe ní arọ́pò mẹ́ta láàárín àwọn ènìyàn tí ń gbé ìlú kan náà, kí sì ni ìdí tí èyí tí ó wà nínú Ìwé kò fi borí àwọn yòókù? Ó rọrùn láti dáhùn pé ìyàtọ̀ ìjọ ni ó fà á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọ̀rọ̀ àyálò a máa gbé ìtàn ara rẹ̀ pamọ́ sínú ìró rẹ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka sílébù rẹ̀, tí ó yẹ kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì rẹ̀ wò, tí ó sì gbọ́ ibi tí ohùn gbé gòkè, yóò mọ ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé.

Ohun méjì ni iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn. Èkíní ni pé baptisi gba ojú wọ èdè Yorùbá, kò gba etí. Èkejì ni pé yíyá ìró ọ̀rọ̀ àti títúmọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀ràn gírámà nìkan. Nígbà púpọ̀, ẹni tí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan nínú àríyànjiyàn, ẹni tí ó sì yá ìró ti yẹra fún ìjà. Ọ̀ràn yìí kan gbogbo àwọn tí ń wá èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ ní Yorùbá.

2. Ìpìlẹ̀ Ọ̀rọ̀ Náà

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ní èdè Gíríìkì àtijọ́ ni bapto. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a ti nǹkan bọ inú omi tàbí inú ohun olómi mìíràn. Ọ̀rọ̀ àwọn aláró ni pẹ̀lú, nítorí òun ni Gíríìkì ń lò fún rírẹ aṣọ sínú aró. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, tí ó mọ bí òwú ti í wọ inú aró kí ó tó di òfì, ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Láti ara bapto ni baptizo ti jáde, èyí tí ó le jù ú lọ: kí nǹkan rì pátápátá. Àwọn òǹkọ̀wé Gíríìkì lò ó fún ọkọ̀ tí ó rì sínú òkun kí àwọn Onígbàgbọ́ tó sọ ọ́ di orúkọ ìsìn. Láti ara baptizo ni wọ́n ti ṣẹ̀dá baptistes, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà, àti baptisma, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Sílébù mẹ́ta ni baptizo ní: bap, ti, zo. Orí sílébù kejì ni àmì ohùn rẹ̀ wà. Láyé àtijọ́, gbígbé ohùn sókè ni àmì yìí dúró fún ní èdè Gíríìkì, kì í ṣe agbára. Ní èyí, Gíríìkì àtijọ́ sún mọ́ Yorùbá ju bí Gẹ̀ẹ́sì ti sún mọ́ ọn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sílébù kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ ni Gíríìkì ń gbé ga, tí Yorùbá sì ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Àwọn àmì tí a ń fi sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá lónìí, èyí tí ń gòkè àti èyí tí ń sọ̀ kalẹ̀, láti ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Gíríìkì ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, kí àwọn ará Yúróòpù tó jogún wọn, kí àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ Yorùbá sílẹ̀ sì tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyẹn. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ Gíríìkì kankan tó ti ipa ìwé wọ èdè Yorùbá, àmì Gíríìkì ti ṣáájú wọn dé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gba Látìnì àti Faransé dé èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó pàdánù apá kan ara rẹ̀. ‘Baptise’ di sílébù méjì, fáwẹ̀lì sílébù kejì sì di ai lẹ́nu àwọn tí ń sọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tí a lè pè ní ìtẹ̀mọ́, ìyẹn agbára tí ó ń fún sílébù kan ju àwọn yòókù lọ. Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe náà, bí àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè é, sílébù kejì ni ó gba ìtẹ̀mọ́. Nínú ‘baptism’ àti ‘baptist’, sílébù àkọ́kọ́ ni. Ìdílé kan náà ni, ṣùgbọ́n ìtẹ̀mọ́ ń ṣí kiri nínú rẹ̀.

Èdè Yorùbá ní tirẹ̀ kò gba kí kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, kò sì gba kí kọ́ńsónáǹtì méjì sùn mọ́ra láìsí fáwẹ̀lì láàárín wọn. Sílébù rẹ̀ kò ju fáwẹ̀lì nìkan, tàbí kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ̀lì, tàbí kọ́ńsónáǹtì aránmúpè tí ó dá dúró. Bap kò rí ibùgbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹnu ní láti fi fáwẹ̀lì sí àárín p àti t, tàbí kí ó pa p tì. Àwọn ìwé kan tí ó jáde lẹ́yìn náà tilẹ̀ kọ ọ́ ní batisí, láìsí p rárá. Bíbélì kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì: ó tẹ baptisi, ó sì fi ẹnu òǹkàwé sílẹ̀ láti wá ọ̀nà ara rẹ̀. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni èyí pé ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

3. Ọmọ Òṣóògùn àti Ọ̀rọ̀ Náà

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nídìí Bíbélì Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ, ọmọ Òkè-Ògùn ni. Òṣóògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni a ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ogun kó ìlú náà ní 1821. Ìsẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ẹrú lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ya ọmọdékùnrin náà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, ibi tí wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Igbe 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ 1825, John Raban ṣe ìsàmì fún un, orúkọ rẹ̀ sì di Samuel Crowther. Raban yìí kan náà ni ó ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Ẹyọ, èyí tí ó jáde láàárín 1830 àti 1832, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ lórí èdè tí a ń pè ní Yorùbá lónìí. Ìsìn náà kan Àjàyí lára, ní agboolé èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún púpọ̀ kí ó tó di iṣẹ́ rẹ̀ láti wá orúkọ Yorùbá fún un.

Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther fúnra rẹ̀ ṣe jáde ní 1843, ọdún tí a fi í joyè àlùfáà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1844 ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní oṣù Èrèlé 1848, ìyá náà wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a ṣe ìsìn yìí fún ní Abẹ́òkúta, ó sì gba orúkọ Hannah. Obìnrin yìí kò rékọjá òkun rí. Ohunkóhun tí ọmọ rẹ̀ bá fi ṣe àlàyé ìsìn náà fún un, èdè Òṣóògùn ni ó ní láti jẹ́. Níbi tí ọmọ ti ń ṣàlàyé ìsìn fún ìyá, ìró Gíríìkì lásán kò lè tó.

Ìwé Romu ni apá àkọ́kọ́ nínú ìtumọ̀ Bíbélì Crowther tí ó jáde, ní 1850. Orí kẹfà ìwé náà kò ṣeé túmọ̀ láìsí orúkọ fún ìsìn yìí, nítorí lórí rẹ̀ ni àfiwé ikú, ìsìnkú àti àjíǹde tí ó wà níbẹ̀ dúró lé. Odindi Bíbélì parí ní 1884.

Kì í ṣe inú òfo ni àwọn olùtumọ̀ bọ́ sí. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wà nílẹ̀ Yorùbá ṣáájú wọn, ó sì ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní irú ìlú bí Ìsẹ́yìn. Láti èdè Lárúbáwá ni wòlíì, àlùfáà, àdúrà, wàásù àti kèfèrí ti wá, àwọn mìíràn nínú wọn nípasẹ̀ Haúsá. Ọ̀rọ̀ tí ó ti gba ẹnu dé ẹnu kọjá ni wọ́n, ẹnu Yorùbá sì ti sọ wọ́n di tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ wọ́n sílẹ̀. Ibi tí wòlíì ti jókòó, ‘prophetes’ ti Gíríìkì kò rí àyè. Ibi tí ìjọ ti wà, wọn kò nílò ‘ekklesia’. Àga tí ó ṣófo ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì gbà: aposteli, angẹli, Kristi, sinagogu, baptisi.

4. Ojú àti Etí: Ẹ̀rí Láti Inú Ìró

Ẹnìkan lè sọ pé láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú gbogbo èyí. Ìró àwọn ọ̀rọ̀ náà kò gbà fún un. Àpẹẹrẹ tí ó dájú jù lọ ni orúkọ ènìyàn. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘James’, Jakọbu ni ó jẹ́ nínú Bíbélì Yorùbá. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ‘John’, Johannu ni. Kò sí bí ẹnu Yorùbá ti lè sọ ‘James’ di Jakọbu. ‘Iakobos’ àti ‘Ioannes’ ti Gíríìkì ni ó wà lẹ́yìn wọn, tààrà tàbí nípasẹ̀ Látìnì. Àwọn tí ó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Jéèmíìsì àti Jọ́ọ̀nù títí di òní. Orúkọ kan náà, ọ̀nà méjì.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, ohun kan náà ni yóò hàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í pe t inú ‘apostle’. T wà nínú aposteli, bí ó ti wà nínú ‘apostolos’. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ìró j ni ó wà láàárín ‘angel’. G líle ni ó wà nínú angẹli, bí ó ti wà nínú ‘angelos’. Fáwẹ̀lì ‘Christ’ ní Gẹ̀ẹ́sì ni ai. I ni ó wà nínú Kristi, bíi ti ‘Khristos’. Fáwẹ̀lì ‘baptise’ náà ni ai. I ni ó wà nínú baptisi, bíi ti baptizo. Ká ní etí ni ó gbà wọlé ni, ai ìbá fara hàn níbì kan nínú rẹ̀. Ojú ni ó kà á, ọwọ́ ni ó kọ ọ́. Ẹnu ni ó kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba etí wọlé yàtọ̀ sí èyí. ‘Kyriakon’ ti Gíríìkì túmọ̀ sí ohun tí ó jẹ́ ti Olúwa. Lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn láàárín àwọn èdè àríwá Yúróòpù ó di ‘church’, sílébù kan ṣoṣo. Lẹ́nu Yorùbá ó di ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ohun tí ó kù nínú rẹ̀ tí Gíríìkì lè dá mọ̀. Bákan náà ni ‘episkopos’, ẹni tí ń ṣe alábòójútó. Sílébù mẹ́rin ni ó ní: e, pis, ko, pos. Gẹ̀ẹ́sì gé orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ó di ‘bishop’, sílébù méjì. Nígbà tí Yorùbá gbọ́ ọ, ó fún un ní fáwẹ̀lì tí sílébù rẹ̀ nílò, ó di bíṣọ́ọ̀bù: bí, ṣọ́, ọ̀, bù. Sílébù mẹ́rin náà padà pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe àwọn ti àkọ́kọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù 1864, ní Canterbury, ọmọ Òṣóògùn di ẹni tí ń jẹ́ orúkọ oyè yìí.

Nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìtẹ̀mọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbé ń fi ara rẹ̀ hàn. Yorùbá kò ní ìtẹ̀mọ́. Ohùn ni ó ní. Nítorí náà, agbára tí etí bá gbọ́, ohùn òkè ni ẹnu fi ń dá a padà. Sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mọ́ gba ohùn òkè: gírámà, tísà, búrẹ́dì. Fáwẹ̀lì tí Yorùbá fi kún ìparí ọ̀rọ̀ gba ohùn ìsàlẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì, kóòtù, bọ́ọ̀lù. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gba ojú wọlé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí nígbà tí a bá ń kà wọ́n sókè. Aposteli di àpọ́sítélì: sílébù àkọ́kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì kò tẹ̀ mọ́, wà nísàlẹ̀, èkejì, tí ó tẹ̀ mọ́, lọ sókè. Lẹ́tà rẹ̀ wá láti inú ìwé Gíríìkì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wá láti ẹnu olùkọ́ tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

5. Àríyànjiyàn Tí Ó Wà Lẹ́yìn Rẹ̀

Ìró fi hàn pé inú ìwé ni baptisi ti wá. Kò sọ ìdí tí wọn kò fi túmọ̀ rẹ̀. Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún kí nǹkan rì bọ omi. Ìdáhùn wà ní ibi tí ó jìnnà sí Òkè-Ògùn, nílẹ̀ Íńdíà, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú kí Crowther tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ Onítẹ̀bọmi ní Calcutta túmọ̀ Májẹ̀mú Titun sí èdè Bẹ̀ńgálì, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí rírì bọ omi ni wọ́n fi rọ́pò baptizo. Inú àwọn ìjọ tí ń bu omi sí ọmọdé lórí kò dùn sí i, nítorí bí Bíbélì bá ti sọ pé kí a rì wọ́n bọ omi, a jẹ́ pé ohun tí àwọn ń ṣe kì í ṣe ohun tí Bíbélì wí. Ẹgbẹ́ Bíbélì ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Òkèèrè kọ̀ láti ti irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ kí a fi ìró Gíríìkì sílẹ̀ bí ó ti wà, tàbí kí a lo ọ̀rọ̀ tí ìjọ kankan kò ní takò. Nítorí ọ̀ràn yìí ni àwọn Onítẹ̀bọmi fi dá ẹgbẹ́ Bíbélì tiwọn sílẹ̀, ní Amẹ́ríkà ní 1836, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1840.

Ẹgbẹ́ Bíbélì ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Òkèèrè yìí kan náà ni ó tẹ Bíbélì Yorùbá. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé baptisi ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ nínú èdè àwọn olùgbọ́ kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó fà á, kì í sì í ṣe àìní ọ̀rọ̀, àdéhùn ni.

Ẹgbẹ́ kejì tí ọ̀ràn yìí kàn kò pẹ́ dé. Thomas Jefferson Bowen, ará Georgia ní Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850. Ìgbòho ni ó fi ojú sùn, ìlú Òkè-Ògùn tí ó ti jẹ́ olú-ìlú àwọn Aláàfin ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọ̀nà kò gbà fún un bí ó ti fẹ́, ó dúró ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Ìjàyè ní 1853 àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Bowen kọ jáde ní Washington ní 1858. Ní 1914 àwọn ìjọ wọn kó ara jọ di ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó yá, Ṣakí di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí orúkọ wọn gbé hàn jù lọ ní Òkè-Ògùn, nípa ìjọ àti nípa ilé ìwòsàn.

Fún àwọn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ náà ni orúkọ ìjọ wọn. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní baptisi, ará Ṣakí tí ó gbọ́ orúkọ wọn kì yóò mọ ohun tí wọ́n dúró lé. Nígbà tí wọ́n bá jẹ́ Onítẹ̀bọmi, orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti wàásù. Ó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì sọ ohun tí wọ́n gbà pé àwọn mìíràn kò ṣe. Ìjọ Áńgílíkà kò lè gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ tí a bu omi sí lórí. Ọ̀rọ̀ náà ni yóò dá wọn lẹ́bi. Àmì àgbélébùú tí àlùfáà ń fi sí iwájú orí ọmọ ni wọ́n tẹjú mọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì di ìsàmì. Ìrìbọmi wà pẹ̀lú, tí àwọn mìíràn ń lò, tí ó sì bá ìtẹ̀bọmi sọ̀rọ̀ kan náà. Nínú gbogbo wọn, baptisi nìkan ni kò sọ ohun tí ẹni tí ń pè é gbà gbọ́.

6. Ìdí Tí Baptisi Kò Fi Wọ Ẹnu

Ó yẹ kí a bi ara ẹni ní ìbéèrè kan níhìn-ín. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò ní ìtumọ̀ létí Yorùbá, síbẹ̀ ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Alábòójútó wà nínú èdè, ṣùgbọ́n kò lé e kúrò. Kí ló dé tí baptisi kò rí bẹ́ẹ̀? Àìnítumọ̀ nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀.

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ ni pé orúkọ oyè ni bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni baptisi. Orúkọ a máa dúró gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbé e kalẹ̀, bí orúkọ àlejò. Ọ̀rọ̀-ìṣe ní láti ṣiṣẹ́. Sílébù kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ní, wọn a sì máa gba àbọ̀ sí àárín tàbí sí ẹ̀yìn: wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ omi, wọ́n rì í bọ omi, wọ́n sàmì fún un. Baptisi gùn, ó sì le, kò sì ní ibi tí a ti lè là á sí méjì.

Ìyàtọ̀ kejì jinlẹ̀ jù ú lọ. Ní èdè Gíríìkì, baptizo, baptistes àti baptisma jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀kan ti mọ àwọn yòókù. Bíbélì Yorùbá yá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: baptisi, Baptisti, baptismu. Ìparí wọn kò sọ nǹkan kan létí Yorùbá, nítorí -ti àti -mu kì í ṣe àfòmọ́ nínú èdè wa. Bí ẹni yá ẹrú mẹ́ta tí kò mọ̀ pé wọ́n bára tan ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo tẹ̀ bọ omi. Fi ì- sí iwájú rẹ̀, ó di ìtẹ̀bọmi, iṣẹ́ náà. Fi oní- sí iwájú ìyẹn, ó di onítẹ̀bọmi, ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀, ìbáà ṣe Johannu létí odò Jọ́dánì tàbí ọmọ ìjọ kan ní Ṣakí. Ohun tí Gíríìkì fi ìparí ọ̀rọ̀ ṣe, Yorùbá fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣe é. Ìdílé náà pé, kò sì sí ẹni tí a ní láti kọ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n.

Ìyàtọ̀ kẹta ni pé baptisi ní abánidíje tí wọ́n ní ìtumọ̀ àti ìjọ lẹ́yìn. Bíṣọ́ọ̀bù kò ní irú rẹ̀, nítorí kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó fi alábòójútó ṣe àsíá.

7. Ohun Tí Ó Kàn Nínú Èdè-Ìperí

Ọ̀ràn yìí kò parí sí ilé ìsìn. Láti 1970, nígbà tí ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì bá pàdé ti tún padà wá: ìró ni kí a yá ni, tàbí ìtumọ̀? Àkójọ èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, wà lára ìdáhùn sí i.

Àyẹ̀wò ìró fi hàn pé ẹnu ọ̀nà ti yí padà. Lẹ́tà Gíríìkì tí ó di g nínú angẹli, òun náà ni ó di j nínú fonọ́lọ́jì. Àwọn olùtumọ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún wo ìwé. Ti ọ̀rúndún ogún gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Sílébù pàápàá, tí iṣẹ́ yìí ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ‘syllabe’ ni ó ti wá, ohun tí a kó pọ̀ mú. Gẹ̀ẹ́sì tẹ sílébù rẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́, Yorùbá sì fún un ní ohùn òkè. Ọmọ Gíríìkì gbọ́ ‘kó pọ̀’ nínú rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn kò gbọ́ ọ, ọmọ London náà kò sì gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ti yá ìró láìyá ìtumọ̀, kò sì pa á lára. Nítorí náà, ẹ̀sùn pé ọ̀rọ̀ àyálò kò ní ìtumọ̀ kò tó láti lé e jáde.

Ohun tí ìtàn baptisi kọ́ni ni pé kí a béèrè ohun mẹ́ta kí a tó yàn. Orúkọ ni tàbí iṣẹ́? Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́, ìtumọ̀ ni ó sàn jù. Ṣé yóò bímọ? Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kì í dá nìkan wà. Bí a bá nílò ẹni tí ń ṣe é, ìṣe rẹ̀ àti ohun tí a ṣe, ọ̀rọ̀ tí àfòmọ́ Yorùbá lè mú ni ó yẹ kí a wá. Èkẹta ni ó ṣòro jù: ṣé àwọn onímọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ rẹ̀? Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ ti dájọ́, ó sì yẹ kí ó mọ̀ pé òun ti dájọ́. Ẹni tí ó yá ìró náà kò dájọ́; ṣùgbọ́n kí ó má retí pé ará ilé yóò fi ọ̀rọ̀ náà sọ̀rọ̀.

8. Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti tọ ipa ọ̀rọ̀ kan láti inú aró àti ọkọ̀ rírì àwọn Gíríìkì dé inú Bíbélì ọmọ Òṣóògùn. Ó ti fi hàn, nípa fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì àti sílébù, pé ojú ni baptisi gbà wọlé, nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀ṣì gba etí, tí wòlíì àti àdúrà sì ti gba ẹnu àwọn Mùsùlùmí ṣáájú wọn. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé àdéhùn láàárín àwọn ìjọ òkèèrè ni ó há ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú ìwé, àti pé àwọn ará ilé kò dúró de àdéhùn kankan. Wọ́n wo ohun tí wọ́n rí tí a ń ṣe, omi tí ń bo ènìyàn tàbí àmì tí ń wọ iwájú orí ọmọ, wọ́n sì pe ìyẹn lórúkọ. Àwọn ìgbìmọ̀ èdè-ìperí ní ohun tí wọ́n lè kọ́ lára wọn.